Ohun Tí Mo Fi Haúsá Sọ fún Bùrọ̀dá Mi

Kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo gbọ́ Haúsá. Mo mọ "sannu", mo mọ "nawa ne", mo sì mọ èébú kan tí ẹni tó ń ta súyà ládùúgbò wa máa ń bú ajá ẹ̀. Ìmọ̀ ńlá yìí ni mo dì sínú báàgì tí mo fi dé Màídúgùrì. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ìyá àgbà kan kí mi ní àdúgbò wa, Hausari. Ó béèrè bí mo ṣe sùn, ó béèrè àárẹ̀ ara, ó béèrè àwọn ará ilé. Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo ń fi "nawa ne?" dá lóhùn. Nawa ne, ìyẹn "èló ni?" Ìyá ń béèrè àlàáfíà mi, èmi ń ná an.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ fi díẹ̀ pamọ́. Èmi lọmọ tó jáde ilé-ìwé gíráámà tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ pé àfi ìṣirò. Mo ṣe ìṣirò, mo tún un ṣe, nígbà tó yá ìṣirò ló wá ń ṣe mí. Bàbá mi wò mí títí, ó ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Màídúgùrì, kí n máa bá a tajà. Ó ní ẹni tí ìwé ò kọ́ ní ìṣirò, ọjà á kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀hún ni Bùrọ̀dá Kamọ̀lú, àkọ́bí Bàbá mi. Ó ti wà lọ́hùn-ún láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Hausari ò tóbi, ṣùgbọ́n ó kún: ẹní, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ oníke, kẹ́tù àlùwàlá oríṣiríṣi àwọ̀. Kamalu ni gbogbo ọjà ń pè é. Haúsá ẹnu ẹ̀ dán débi pé Yorùbá ẹ̀ ti ń ní iyanrìn nínú. Á fẹ́ sọ pé "ó tó", á ní "ya isa". Tó bá ń bá mi wí gan-an, ó di kó dúró láàárín gbólóhùn kó wá ọ̀rọ̀, èmi náà á dúró, màá máa bá a wá a. Ẹ ò rí irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ooru. Ooru Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń báàyàn jà ni, èèyàn sì lè sá fún un. Ti Màídúgùrì kì í jà. Á kàn jókòó lé ẹ lórí bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Mo rù débi pé bẹ́líìtì mi fẹ́ yí mi po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Màámi pè, ó béèrè kí ni mò ń jẹ. Mo ní, "Màámi, bísíkì ni." Bísíkì ni oúnjẹ ibẹ̀, àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sè, ó dùn, ó sì ń yó èèyàn. Ibi tí Màámi ti pariwo nìyẹn.

"Bísíkíìtì? Kamọ̀lú! Bísíkíìtì lo fi ń bọ́ ọmọ mi?"

Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín ẹ̀ yẹn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn, á wá dé ojú nígbẹ̀yìn.

Wọ́n ń pe èmi ní Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá. Kò sí èébú níbẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ mọ èyí tí wọ́n ń pè ni. Ṣùgbọ́n nílé, orúkọ mi lorúkọ mi. Níbí, ìlú mi lorúkọ mi. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bọ́nù lórí fóònù, ìyẹn Borno tí Màídúgùrì wà. Mo wá di ẹni tí wọ́n ń fi ibi tí kò sí pè níbikíbi tó bá wà. Mo máa ń sọ ọ́ bí àwàdà. Tí mo bá dùbúlẹ̀ sórí ẹní tí a ò rí tà, tí gbogbo àdúgbò ti tilẹ̀kùn, tí mi ò gbọ́ èdè mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àwàdà náà kì í pa mí lẹ́rìn-ín.

Bùrọ̀dá nìkan ni ilé tí mo ní. Òun náà sì ni nǹkan ń ṣe.

Ó máa ń sùn lórí ìjókòó láàárín ọ̀rọ̀. Oníbàárà á ní kó dín owó kù, Bùrọ̀dá á ní "to, malam...", orí á wálẹ̀. Á máa yún ara bíi pé eèrà ń rìn lórí ẹ̀. Àpò ẹ̀wù ẹ̀ kì í ṣàìní káńsù oògùn kan nínú. Ó ní oògùn ẹ̀yìn ni, pé ẹrù ló ba ẹ̀yìn òun jẹ́. Tíì olómi wàrà tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀ bíi pé ọmọ jòjòló ló fẹ́ mu ún ló máa ń fi gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn lọ́jà, ìrun ò sì yẹ̀ lórí ẹ̀. Nítorí náà èmi onílàákàyè, mi ò fura. Ẹni tó ń lo oògùn olóró tí mo mọ̀ ni èyí tí irun ẹ̀ dì, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ní gáréèjì. Bùrọ̀dá mi ń gé èékánná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dìde láti já bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún oníbàárà, ó ṣubú sáàárín ọjà, ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín ẹ̀ pa dé. Abọ́ ń yí káàkiri. Mo ń pariwo ní Yorùbá fún àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá. Àwọn èèyàn sáré wọlé, wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, títí ó fi rọlẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta aṣọ lódìkejì wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó mi orí, ó ní, "Yayanka, shaye-shaye yake yi."

Yaya ni ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Shayi ni tíì, mo mọ ìyẹn náà, torí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rán mi. Ọpọlọ mi tó kọ ìṣirò sílẹ̀ wá ṣe ìṣirò kíá: shayi lọ́nà méjì, shaye-shaye, tíì àmujù! Tíì ló ń pa Bùrọ̀dá!

Mo bọ́ síta. Malam Bukar, tó ń ta tíì níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ń rọ omi gbígbóná láti kọ́ọ̀bù kan sí ìkejì, kó lè hó. Mo nawọ́ sí i lójú, mo ní kò gbọdọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ní shayi mọ́ láyé, pé shayi ẹ̀ ń pààyàn, pé màá pe sójà. Gbogbo ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.

"Shayi?" ni Malam Bukar wí.

"Shaye-shaye!" ni mo dá a lóhùn.

Ẹ̀rín tí àwọn ọkùnrin yẹn rín! Malam Bukar da wàrà nù. Ó ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe rí ojú mi, tó wo inú ṣọ́ọ̀bù, tó rí ẹsẹ̀ Bùrọ̀dá nílẹ̀. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu ẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó fi píjìn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kó lè yé mi: "No be tea, my brother. Na tablet. Shaye-shaye na person wey drug don hold. Kamalu don tey for am. Everybody sabi."

Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Èmi tí mo ń bá a sun yàrá kan náà ni mo ń bá tíì jà.

Nígbà tí Bùrọ̀dá jí dáadáa, mo bi í. Kò bínú. Ó ní ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ẹrù tírélà. Kẹ́míìsì fún òun ní káńsù, ìrora lọ. Àsìkò yẹn náà ni ìbọn ń dún nílùú, tí oorun ò kun ẹnikẹ́ni, káńsù yẹn ń jẹ́ kóun sùn. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, oorun kọ̀ láti wá láìsí i. Tóun ò bá lò ó, ara á máa ro òun bí ìgbà tí wọ́n bó òun láwọ̀, inú á máa ṣí. "Mo ti jù ú nù sínú gọ́tà, àìmọye ìgbà," ló wí. "Mo tún padà lọ ṣà á nínú gọ́tà, àbúrò. Èmi, Kamọ̀lú." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò dé ojú.

A lọ sí ọsibítù. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń mú ara ẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí pé wọ́n ní jíjá a lójijì lè tún mú gìrì yẹn padà. Wọ́n ní ẹbí gbọ́dọ̀ wá sí kíláàsì. Ẹ wo èmi, ẹni tó sá fún kíláàsì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kíláàsì lé mi dé Màídúgùrì.

Nọ́ọ̀sì Falmata ló ń kọ́ wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń da Kànúrí, Haúsá àti gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú mí kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ tọkàntọkàn á fi í sílẹ̀, ẹ nawọ́." Gbogbo wa nawọ́. Èmi na ọwọ́ méjèèjì, bóyá máàkì á wà níbẹ̀.

Kò bú wa. Ó ní, "Ẹ rántí omi tó ya wọ ìlú wa. Ilé tí omi gba àárín ẹ̀ kọjá, ṣé ilé yẹn ló yàgbàrà? Ṣé aláìgbọràn ni ilé náà? Omi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá kó omi kúrò lónìí, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ ní láti mọ bèbè, kẹ́ ẹ sì máa yẹ bèbè yẹn wò ní gbogbo àsìkò òjò."

Ìyá kan láti Fori ní òun ti ọmọ òun mọ́lé, òun so ó mọ́lẹ̀, ó sì jáwọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Nígbà tẹ́ ẹ tú u ńkọ́?" Ìyá náà wolẹ̀. Ọkùnrin kan ní àdúrà ni tiwọn. Nọ́ọ̀sì ní, "Èmi náà ń gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì gbé e wá."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó ní ká má gbàgbé bá a bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Ó ní ara ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ó lè gbé èyí tó pọ̀ mì kó máa rìn lọ. Ṣùgbọ́n tó bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ara á gbàgbé. Ọkàn ò ní gbàgbé, ọkàn ṣì máa rò pé iye ti tẹ́lẹ̀ lòún ń lò. Tó bá padà sídìí iye yẹn, mímí ẹ̀ lè dúró. "Àwọn tó ń kú," ló wí, "ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe àwọn tí kò gbìyànjú rárá. Àwọn tó ti jáwọ́ ni. Torí náà, bó bá ṣubú padà, ẹ má lé e jáde, ẹ má jẹ́ kó máa sá pamọ́ fún yín. Kó sọ fún yín, kẹ́ ẹ sáré gbé e wá." Ó kọ ọ́ sára pátákó ní Haúsá: *Jiki ya manta.* Ara ti gbàgbé.

Mo kọ́ ọ sórí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa kọ́ nǹkan sórí láìsí pàṣán.

Wọ́n dá Bùrọ̀dá sílẹ̀ pé kó máa tilé wá gba oògùn. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò mọ bí màá ṣe sọ wọ́n. Ojú ẹ̀ là. Ó ń jẹ bísíkì, ó ń fi ìka lá abọ́. Ó jókòó lọ́jà, ó bá oníbàárà kan jiyàn lórí ẹní ẹyọ kan láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi pèrun, kò tòògbé. Èmi náà ta kẹ́tù kan fún Alájà kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin ní Haúsá, kò rẹ́rìn-ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bùrọ̀dá ní kí n wá bọ òun lọ́wọ́. Mo rò pé a ti rí ibi dé.

Ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tajà ní Lamisula, ní Màídúgùrì níbí, ti gbé ìròyìn délé. Bàbá pè mí.

"Ta ló ní kó o mú ẹ̀gbọ́n ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn wèrè?"

"Bàbá, kì í ṣe wèrè, àìsàn ni."

"Ibà ni àìsàn. Ẹ̀fúùfù inú ni àìsàn. Ọ̀rẹ́kọ́rẹ̀ẹ́ ni ti Kamọ̀lú. Ìgbà tó bá kúrò láàárín wọn, á tán."

Màámi gba fóònù: "Oògùn la ní kó má lò, oògùn ni wọ́n tún ń fún un. Ṣé epo ni wọ́n fi ń paná níbẹ̀ ni?"

"Màámi, oògùn yẹn yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì ní tó bá fi sílẹ̀ tó wá padà..."

Bàbá ti gba fóònù padà. "Gbọ́ mi. Ọmọ tí ò lè ṣe ìṣirò ló fẹ́ kọ́ mi níṣègùn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ tí mo máa ń fi ara mi ṣe ni, èmi ni mo fi kọ́ wọn. Ìgbà tí mo máa wá nílò kí ẹnì kan gbà mí gbọ́, àwàdà ni gbogbo ilé ń retí lẹ́nu mi.

Bàbá ní kí Bùrọ̀dá máa bọ̀ wá ṣe Iléyá. Àkọ́bí kì í kọ̀ ọ̀rọ̀ sí Bàbá wa lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì Falmata fún un ní oògùn tó máa lò, ó ní kó rí i pé òun padà wá. Iléyá kọjá, wọn ò jẹ́ kó padà. Màámi da oògùn yẹn sínú ṣáláńgá. Wọ́n fi í sí yàrá ẹ̀yìn Bàbá, àlùfáà ń wá, wọ́n ń ṣe àdúrà, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ní èṣù ló ń jáde. Ó yè é. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá pè mí tayọ̀tayọ̀: "Kamọ̀lú ti jáwọ́! Ó ti sanra! Ṣé o rí i báyìí? Níbo ni nọ́ọ̀sì ẹ wà?" Ó ní òun ti ń rán an lọ sọ́jà fúnra ẹ̀.

Ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ sára pátákó ló wá sọ́kàn mi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní Bùrọ̀dá.

Bàbá kì í fún ẹnikẹ́ni ní fóònù ẹ̀. Á gbé e sórí tábìlì ni, á tan sípíkà ẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́, á jókòó tì í. Mo gbọ́ ohùn Bùrọ̀dá, ó mọ́ kedere. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé, tẹ́ ẹ bá tún padà sídìí ẹ̀? Níwájú Bàbá tó ń dúpẹ́? Á ní mo ń ṣépè fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá yí sí Haúsá. Ọ̀rọ̀ yẹn já lẹ́nu mi, pẹ̀lú ìpáyà, ó já bọ́ báyìí:

"Jikinki ta manta."

Ẹ̀rín ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, látinú ikùn. Mo ti sọ ọ́ di obìnrin. "Jikinka ya manta" ló yẹ kí n sọ, ti ọkùnrin. Màámi náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ, mo ní, "Kar ka sha kamar da. Za ka mutu." Má lò ó bíi ti tẹ́lẹ̀. Wàá kú. Ka, ka, ka, ìyẹn ìwọ, ìwọ, ìwọ. Haúsá ò ní "ẹ" tí mò ń pe Bùrọ̀dá mi. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo pè é ní ìwọ láyé mi nìyẹn.

"Na ji," ló wí, ìyẹn "mo ti gbọ́". Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Na ji, ƙanena." Mo ti gbọ́, àbúrò mi.

Bàbá ní, "Kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ó ń kí mi ni, Bàbá," ni Bùrọ̀dá wí.

Ọjọ́ tó kú, Bàbá ló rán an lọ sọ́jà. Ó dé, ó jíṣẹ́, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa pè é fún oúnjẹ ọ̀sán, ètè ẹ̀ ti dúdú. Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí n tó gbọ́, wọ́n ti sin ín. Malam Bukar tú gbogbo tíì ẹ̀ dànù, ó palẹ̀ mọ́, ó wá jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwa méjèèjì ń wo bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣì wà ní Hausari. Wọ́n ti ń pe èmi náà ní Kamalu nígbà míì, torí pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni. Nílé, wọ́n sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá pè mí. Kò kí mi. Ohùn ẹ̀ ti kéré.

"Ìwọ. Kí ni 'jìkínkì ta mántà'?"

Mo gbé ẹní tí mò ń ká sílẹ̀.

"Ó máa ń sọ ọ́ ṣáá," ni Bàbá wí, "lẹ́yìn ọjọ́ tó o bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tó bá ń wẹ̀, tó bá ń gbálẹ̀. Á sọ ọ́, á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé orin ni."

"Bàbá, ìtumọ̀ ẹ̀ ni 'ara yín ti gbàgbé'."

"Ara ta ni?"

"Ara Bùrọ̀dá."

"Gbàgbé kí ni?"

Mo bá sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, bí Nọ́ọ̀sì Falmata ṣe sọ ọ́: omi àti bèbè, ohun tí ara mọ̀ àti ohun tó ń gbàgbé, ìdí tí oògùn ọsibítù fi yàtọ̀, ìdí tó fi jẹ́ àwọn tó ti jáwọ́ ló ń kú. Bàbá ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo sọ ọ́ dé òpin.

"Ó yé mi," ni Bàbá wí. "O ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa."